Dogen, mọ́ǹkì tí ìbéèrè kan gbé dé Ṣáínà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Tí wọ́n bá dárúkọ Zen, ohun tó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni fíìmù ìjà àti bàbá arúgbó onírùngbọ̀n tó ń sọ òwe tí kò yé ẹnikẹ́ni. Ìtàn Dogen kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ ni mo kó jọ síbí.

Ta ni Dogen?

Mọ́ǹkì ẹlẹ́sìn Búdà ni, ìyẹn ẹni tó fi ayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, ọmọ Jàpáànù. Ọdún 1200 ni wọ́n bí i ní ìlú Kyoto, níbi tí ààfin ọba wà nígbà náà, ọdún 1253 ló sì kú. Òun ni àwọn ìjọ Soto gbà ní olùdásílẹ̀ wọn. Nínú gbogbo ìjọ Zen tó wà ní Jàpáànù lónìí, Soto ló tóbi jù. Tẹ́ńpìlì wọn níbẹ̀ lé ní 14,000. Zen fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn Búdà. Ṣáínà ló ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ kó tó dé Jàpáànù, ìjókòó jẹ́ẹ́ tí wọ́n ń pè ní zazen sì ni òpó tó gbé e ró.

Kí ló sọ ọmọ ilé ọlá di mọ́ǹkì?

Ikú ni. Minamoto no Michichika, ẹni tí ọ̀pọ̀ gbà pé ó jẹ́ bàbá rẹ̀, kú lọ́dún 1202. Nígbà tí Dogen wà lọ́mọ ọdún 7, ìyá rẹ̀ náà kú. Ìjọ rẹ̀ máa ń sọ pé níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀, ọmọdé náà tẹjú mọ́ èéfín tùràrí, ó ń wò ó bó ṣe ń gòkè tó sì ń pòórá, ó sì yé e níbẹ̀ pé kò sóhun tó dúró láyé.

Ìran Fujiwara ni ìyá rẹ̀ ti wá, ìyẹn àwọn tó ń joyè láàfin láti ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fẹ́ kí òun náà joyè. Wọ́n ní kí wọ́n tó ṣe ayẹyẹ tí wọ́n fi ń sọ ọmọdékùnrin di àgbà ló yọ́ jáde lóru, ó gba orí òkè Hiei lọ bá ẹ̀yà ìyá rẹ̀ kan tó jẹ́ mọ́ǹkì níbẹ̀. Ọdún 1212 nìyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fá orí rẹ̀, ó sì di mọ́ǹkì.

Ìbéèrè wo gan-an ló ń dà á láàmú?

Lórí òkè Hiei, tó jẹ́ ibùjókòó ìjọ Tendai, ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà mìíràn, wọ́n ń kọ́ wọn pé gbogbo ẹ̀dá ló ti ní àbùdá Búdà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe é kù. Ọmọ yìí wá rò ó títí, ó ní: tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí gbogbo àwọn Búdà àtijọ́ fi forí ṣe fọrùn ṣe kí wọ́n tó rí ìlàlóye, ìyẹn kí ojú inú wọn tó là sí òtítọ́? Ohun tó ti wà lọ́wọ́ ẹni, kí lèèyàn tún ń wá a kiri fún?

Ẹ má fojú ìbéèrè ọmọdé wò ó. Ẹni tó bá dáhùn pé kò sídìí láti ṣe ohunkóhun mọ́ ti sọ ilé mọ́ǹkì di asán. Ẹni tó bá sì ní iṣẹ́ àṣekára ló ń mú àbùdá Búdà wá ti sọ ẹ̀kọ́ Hiei di irọ́. Ibi tó kọjú sí, ògiri ni. Lójú tèmi, gbogbo ohun tí Dogen ṣe láyé, gbogbo ìwé tó kọ àti gbogbo ilé tó kọ́, ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni.

Ṣé kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn nílé ni?

Hiei ìgbà yẹn ní ọ̀mọ̀wé rẹpẹtẹ. Ó tún ní mọ́ǹkì tó ń gbé ohun ìjà, tó máa ń ya wọ Kyoto láti fipá gba ohun tí wọ́n bá fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Dogen kò pẹ́ níbẹ̀. Ìtàn sọ pé ó lọ bá àgbà mọ́ǹkì kan tó ń jẹ́ Koin ní tẹ́ńpìlì Onjoji, Koin sì sọ òótọ́ fún un pé ìdáhùn kò sí lọ́wọ́ òun, pé kó lọ wádìí lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa Zen. Mo gba ti bàbá yẹn. Olùkọ́ tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé kò wọ́pọ̀.

Lọ́dún 1217, ó wọ tẹ́ńpìlì Kenninji ní Kyoto, ó sì di ọmọ ẹ̀yìn Myozen. Ọmọ ẹ̀yìn Eisai ni Myozen, Eisai yìí ló sì lọ kọ́ Zen ní Ṣáínà, tó kú lọ́dún 1215. Nígbà tó di 1223, Myozen àti Dogen jọ wọkọ̀ ojú omi, ó di Ṣáínà.

Kí ni ìtàn alásè tí wọ́n máa ń sọ yìí?

Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Dogen fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1237, nínú ìwé kékeré kan tó ń jẹ́ Tenzo Kyokun, tó kọ fún àwọn mọ́ǹkì tó ń dáná.

Ọkọ̀ wọn ti gúnlẹ̀ sí èbúté tó ń jẹ́ Ningbo lónìí, Dogen ṣì ń gbé inú ọkọ̀. Lọ́jọ́ kan, mọ́ǹkì arúgbó kan wá bá àwọn oníṣòwò Jàpáànù, ó fẹ́ ra olú gbígbẹ. Ẹni ọdún 61 ni, òun ni ọ̀gá alásè ní tẹ́ńpìlì òkè Ayuwang. Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún, ọjọ́ ọdún, bàbá sì fẹ́ se oúnjẹ tó dáa fún àwọn mọ́ǹkì. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ló gbéra, ó fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 17.

Inú Dogen dùn láti rí mọ́ǹkì Ṣáínà, ó bu tíì fún un, ó ní, "Bàbá, ẹ sùn síbí lónìí, ẹ jẹ́ kí n ṣe yín lálejò."

"Rárá o. Bí mi ò bá sí níbẹ̀ lọ́la, oúnjẹ ò ní í dáa."

"Ṣé kò sí ẹlòmíràn tó lè dáná ní tẹ́ńpìlì ńlá bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ọjọ́ ogbó mi ni iṣẹ́ yìí tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn? Mi ò sì gbàyè pé mo máa sùn síta."

Ọ̀rọ̀ náà kò wọ Dogen létí. Ó ní, "Bàbá, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ṣe dàgbà tó, kí ló dé tẹ́ ò jókòó ṣe zazen, kẹ́ẹ ka ọ̀rọ̀ àwọn àgbà àtijọ́, tẹ́ẹ wá ń fi iṣẹ́ ìdáná da ara yín láàmú? Kí lèrè ibẹ̀?"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, àlejò láti òkèèrè, o ò tíì mọ ohun tí iṣẹ́ ẹ̀sìn jẹ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́ gan-an ò tíì yé ọ."

Ojú ti Dogen, àyà rẹ̀ sì já. Ó bi í pé kí ni ọ̀rọ̀, kí sì ni iṣẹ́ ẹ̀sìn. Bàbá ní kó má fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀, àti pé tí kò bá tíì yé e, kó wá sí Ayuwang lọ́jọ́ kan. Ó wo ojú ọ̀run, ó ní oòrùn ti ń wọ̀, ó sì kọrí sọ́nà pẹ̀lú olú rẹ̀.

Lóṣù méjì lẹ́yìn náà, bàbá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń padà sílùú rẹ̀ ní Sichuan, ó sì yà kí Dogen ní tẹ́ńpìlì Tiantong. Dogen tún bi í: kí ni ọ̀rọ̀? Bàbá ní, "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún." Iṣẹ́ ẹ̀sìn ńkọ́? "Kò sóhun tó pa mọ́ ní gbogbo ayé."

Ní Tiantong kan náà, ó tún rí alásè mìíràn, ẹni ọdún 68, tó ń sá olú níwájú ilé Búdà nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Kò dé fìlà, ó mú ọ̀pá ọparun lọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Dogen ní kí ló dé tí kò rán ọmọ iṣẹ́. Ó ní, "Ẹlòmíràn kì í ṣe èmi." Dogen ní oòrùn yìí mà mú o, ṣé ìsinsìnyí ló yẹ kéèyàn ṣe é? Bàbá ní, "Ìgbà wo wá ni kí n dúró dè?"

Dogen kò rí fèsì. Ó kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ọlá bàbá olólú tó wá sínú ọkọ̀ yẹn ló jẹ́ kí òun mọ ìwọ̀nba tóun mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀sìn.

Ta wá ni ọ̀gá rẹ̀ gangan?

Rujing. Dogen kọ́kọ́ rìn káàkiri láti tẹ́ńpìlì kan sí òmíràn, kò rí ẹni tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lọ́dún 1225 ló pàdé Rujing, tó ti di olórí Tiantong nígbà náà. Ẹni ọdún ọgọ́ta ó lé ni Rujing, ó le, kì í gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn alágbára, ó sì máa ń bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn jókòó di òru. Ẹni tó bá sùn, bàtà rẹ̀ ló fi ń jí i. Ọdún yẹn kan náà ni Myozen kú sí Tiantong.

Ìtàn ìlàlóye Dogen nìyí: àwọn mọ́ǹkì ń jókòó lóru, ẹnì kan sùn lọ, Rujing sì kígbe mọ́ onítọ̀hún pé zazen jẹ́ jíjá ara àti ọkàn sílẹ̀, kí ló wá ń sùn sí? Kì í ṣe Dogen ló ń bá wí, ṣùgbọ́n Dogen ni ọ̀rọ̀ náà bá. Ó lọ sí yàrá ọ̀gá rẹ̀, ó sun tùràrí, ó ní, "Ara àti ọkàn ti já sílẹ̀." Mo ní láti fi kún un pé inú ìtàn ìgbésí ayé tí àwọn ìran tó tẹ̀ lé e kọ ni ìṣẹ̀lẹ̀ òru yìí ti wá. Nínú ìwé Dogen fúnra rẹ̀, gbólóhùn Rujing nípa ara àti ọkàn pọ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n kò sí mọ́ǹkì tó ń sùn níbẹ̀.

Kí ló mú bọ̀ wálé?

Ó padà lọ́dún 1227 pẹ̀lú eérú Myozen àti ìwé ẹ̀rí ọmọ ẹ̀yìn tí Rujing fún un. Àwọn mọ́ǹkì ìgbà yẹn tó bá lọ sí Ṣáínà máa ń kó ìwé mímọ́ àti ère bọ̀ lẹ́rù-lẹ́rù. Dogen ní ọwọ́ òfìfo lòun fi dé, pé ohun tóun mọ̀ ò ju pé ojú wà ní ìbú, imú wà ní òòró.

Báwo ló wá ṣe dáhùn ìbéèrè tó gbé e kúrò nílé?

Ó ní iṣẹ́ àti ìlàlóye kì í ṣe méjì. Èèyàn kì í jókòó kó lè di Búdà. Ìjókòó náà gan-an ni Búdà tó ń ṣiṣẹ́. Ó kọ èyí sínú Bendowa lọ́dún 1231.

Èyí tó yé mi jù wà níparí Genjokoan, tó kọ lọ́dún 1233. Ó sọ níbẹ̀ nípa Baoche, àgbà mọ́ǹkì Ṣáínà kan tó jókòó, tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Mọ́ǹkì kan wá bi í pé: ṣebí afẹ́fẹ́ wà níbi gbogbo, kò síbi tí kò dé, kí lẹ wá ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí? Baoche ní, o mọ̀ pé afẹ́fẹ́ wà, o ò mọ ìtumọ̀ pé ó wà níbi gbogbo. Mọ́ǹkì náà ní, kí wá ni ìtumọ̀ rẹ̀? Baoche ò sọ̀rọ̀, ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ fi ìbéèrè ọmọ orí òkè Hiei síbi afẹ́fẹ́ yẹn, ẹ ó rí i pé ọ̀kan náà ni. Ẹni tó ní torí pé afẹ́fẹ́ wà lòun ò ṣe ní fẹ́ abẹ̀bẹ̀, ooru ni yóò mú un.

Báwo ni wọ́n ṣe ń jókòó?

Dogen kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ tó dé láti Ṣáínà, nínú Fukanzazengi. Ẹ tẹ́ ẹní tó nípọn, ẹ gbé tìmùtìmù lé e. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé itan òsì, ẹsẹ̀ òsì lé itan ọ̀tún. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó gbé ẹsẹ̀ òsì nìkan lé itan ọ̀tún. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì sórí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, kí orí àtàǹpàkò méjèèjì kanra. Kí ẹ̀yìn nà, kí etí bá èjìká dọ́gba, kí imú bá ìdodo dọ́gba. Ẹnu pípadé, ojú lílà, imú ni kẹ́ẹ fi mí. Ògiri ni àwọn Soto máa ń kọjú sí. Èrò á wá, èrò á lọ. Ẹ má lé e, ẹ má sì bá a lọ.

Orúnkún á dùn yín. Kò sí ọgbọ́n sí ìyẹn.

Kí ló dé tó fi Kyoto sílẹ̀?

Ó ti kọ́ tẹ́ńpìlì tirẹ̀, Koshoji, sí Fukakusa nítòsí Kyoto láti 1233, àwọn èèyàn sì ń rọ́ wá. Ejo, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan tó ju Dogen lọ́jọ́ orí, dé lọ́dún 1234, ó sì bá a kalẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1243, Dogen kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó di Echizen, agbègbè olókè tí yìnyín ti ń pọ̀ gan-an, tó wà ní ìpínlẹ̀ Fukui lónìí. Àwọn òpìtàn ò fẹnu kò lórí ìdí rẹ̀. Àwọn kan ní Hiei ń fòòró rẹ̀. Àwọn mìíràn tọ́ka sí Tofukuji, tẹ́ńpìlì Zen ńlá tí àwọn alágbára ń kọ́ sítòsí rẹ̀. Èyí tó dájú ni pé Hatano Yoshishige, jagunjagun tó ń tì í lẹ́yìn, ní ilẹ̀ ní Echizen, ó sì fún un. Lọ́dún 1244, wọ́n ṣí Daibutsuji. Lọ́dún 1246, Dogen yí orúkọ rẹ̀ padà sí Eiheiji, orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní.

Ìjọba àwọn jagunjagun wà ní Kamakura nígbà náà. Ó lọ síbẹ̀ láàárín 1247 sí 1248, ó padà sórí òkè rẹ̀.

Báwo ni ìgbé ayé Eiheiji ṣe rí?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jókòó. Ibi tí mọ́ǹkì ń jókòó sí nínú gbọ̀ngàn náà ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló sì ń sùn sí, ìwọ̀n ẹní kan péré. Dogen ṣe ìlànà fún gbogbo nǹkan: bí wọ́n ṣe ń fọ ojú, bí wọ́n ṣe ń wọ ilé ìyàgbẹ́, bí wọ́n ṣe ń di abọ́ mú.

Ní ti ilé ìdáná, ó ní kí alásè fúnra rẹ̀ ṣa ìrẹsì, kó ṣa iyanrìn kúrò, kó má jẹ́ kí hóró kan dà nù. Ohun tó yẹ kó wà lókè, kó wà lókè. Èyí tó yẹ nísàlẹ̀, kó wà nísàlẹ̀. Ó ní kó mú ewébẹ̀ ìgbèríko àti oúnjẹ olówó ńlá pẹ̀lú ọwọ̀ kan náà. Ẹni tó ti dúró ti ìyá àgbà níbi tó ti ń ṣa òkúta lára ìrẹsì ọ̀fadà nínú àtẹ á mọ irú ìfarabalẹ̀ tó ń wí. Afárá kan wà ní Eiheiji tó ń jẹ́ orúkọ ìdajì igbá omi: wọ́n ní tí Dogen bá bu omi lódò fún Búdà, á lo ìdajì, á da ìdajì padà sódò fún àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ṣé ó gba obìnrin láyè?

Lọ́dún 1240, ó kọ ọ́ nínú Raihai Tokuzui pé tí obìnrin bá ti rí òtítọ́, kí ọkùnrin tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ wólẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ibi mímọ́ ní Jàpáànù tí obìnrin ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Hiei tó ti wá wà lára wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ó le mọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, torí àwọn ìwé kan tó kọ ní Eiheiji gbé ìgbé ayé mọ́ǹkì ga ju ti àwọn tí kì í ṣe mọ́ǹkì lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó kọ lọ́dún 1240 kò parẹ́.

Ṣé lóòótọ́ ló dá ìjọ Soto sílẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, tó bá jẹ́ ẹjọ́ ìwé ìtàn. Tó bá jẹ́ ti ẹnu rẹ̀, rárá. Orúkọ Soto ti wà ní Ṣáínà ṣáájú rẹ̀, lára orúkọ Dongshan àti Caoshan, àgbà mọ́ǹkì méjì ìgbà ìjọba Tang, ni wọ́n ti fà á yọ. Dogen bínú sí àwọn tó ń pín ọ̀nà Búdà sí ìjọ-ìjọ. Kò tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Zen. Ká ní ó jí lónìí, mi ò rò pé á fọwọ́ sí orúkọ tí wọ́n kọ sára pátákó tẹ́ńpìlì wọn.

Keizan, tó kú lọ́dún 1325, ló mú un dé àárín ìlú. Ìran kẹta sí Dogen ni. Ó jẹ́ kí wọ́n máa ṣe òkú àti àdúrà fún àwọn ará abúlé, ó fún obìnrin láyè, ó sì sọ Sojiji di tẹ́ńpìlì Zen lọ́dún 1321. Nítorí náà ni ìjọ Soto fi ní tẹ́ńpìlì àgbà méjì, Eiheiji àti Sojiji, tó sì ń bọlá fún Dogen àti Keizan pa pọ̀. Iná jó Sojiji lọ́dún 1898, wọ́n sì gbé e lọ sí Yokohama lọ́dún 1911.

Kí ni ìyàtọ̀ Soto àti Rinzai?

Rinzai ni ìjọ Zen ńlá kejì. Wọ́n máa ń gbé ìbéèrè àdììtú tó ń jẹ́ koan lé ọmọ ẹ̀yìn lọ́wọ́ kó máa jẹ ẹ́ lẹ́nu, wọ́n sì máa ń kọjú síra wọn jókòó. Soto gbára lé ìjókòó lásán. Ẹ má wá rò pé Dogen kórìíra koan. Ó kó nǹkan bíi 300 jọ.

Ṣé Kristẹni tàbí Mùsùlùmí lè ṣe zazen?

Ìjókòó lọ́tọ̀, ààtò tẹ́ńpìlì lọ́tọ̀. Nínú tẹ́ńpìlì Soto, wọ́n ń wólẹ̀ níwájú ère Búdà, wọ́n ń ka ìwé mímọ́, wọ́n ń sun tùràrí. Wọn ò pe Búdà ní Ẹlẹ́dàá, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ò gbà kó wólẹ̀ fún ère mọ ibi tí yóò dúró sí. Ní ti ìjókòó, Hugo Enomiya-Lassalle, àlùfáà Kátólíìkì ọmọ Jámánì tó gbé ní Jàpáànù, ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi kú lọ́dún 1990, kò sì fi iṣẹ́ àlùfáà sílẹ̀.

Báwo ló ṣe kú?

Àìsàn dá a gúnlẹ̀ láti 1252. Lọ́dún 1253, ó fi Eiheiji lé Ejo lọ́wọ́, wọ́n gbé e lọ sí Kyoto fún ìtọ́jú, ibẹ̀ ló kú sí. Ejo gbé títí di 1280, ó sì ní kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá òun, níbi tí ìránṣẹ́ máa ń dúró sí.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ kíkà?

Ẹ má fi Shobogenzo bẹ̀rẹ̀. Òun ni iṣẹ́ ńlá rẹ̀, orí 95 nínú ẹ̀dà tó gùn jù, èdè Jàpáànù ló sì fi kọ ọ́ nígbà tí Chinese jẹ́ èdè àwọn ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ó le. Ẹ kọ́kọ́ ka Tenzo Kyokun, ẹ ó parí rẹ̀ níjókòó kan. Lẹ́yìn náà, Genjokoan, ojú ìwé mélòó kan péré ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa rí wọn kà, ẹ sì wá ẹ̀dà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti Genjokoan, torí ibi tí àwọn ògbufọ̀ ò ti bára mu pọ̀ níbẹ̀.